Páànù Tó Bo Oòrùn Mi

Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Inú rírun. Lónìí ìgbẹ́ gbuuru, lọ́la kò ní jáde rárá. Ọmọ mi obìnrin wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ẹni wọ́ ewúrẹ́. Dókítà náà — irùngbọ̀n ò tíì hù — ní kò sí egbò nínú mi, ìfun mi ló ń bínú. Mo ní ta ló ṣẹ̀ ẹ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní fítámì D ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ mi, èyí tí oòrùn ń fún ara. Mo ti pẹ́ jù nínú yàrá nídìí máṣíìnì ìránṣọ. Kí n lo oògùn, kí n máa yá oòrùn. Òun ò ṣèlérí pé inú á torí ẹ̀ san, àmọ́ ká gbìyànjú.

Ọjọ́rú, 5
Mo gbé àpótí sí àgbàlá. Ibẹ̀ nìkan loòrùn ń dé. Ó dùn mọ́ mi. N ò ní sọ fún ọmọ mi.

Ẹtì, 7
Ọkọ Kékeré — àbúrò olóògbé ọkọ mi, èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí mo wọ ìdílé yìí níyàwó — ó fi páànù bo àgbàlá látòkè délẹ̀! Ó fẹ́ máa kó táyà tó ń tà síbẹ̀. Mo bínú. Ó ní, "Ìyàwó, lọ bá ọmọ ẹ gbé. Ṣáláńgá ò sinmi nítorí ẹ." Òun! Òun tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn!

Àìkú, 9
Inú ń lọ́ mi bí ẹni ń fún aṣọ.

Ìṣẹ́gun, 11
Mo fi òòlù yọ páànù kan. Ó kàn án padà. Mo yọ méjì. Ó gbá mi létí. Mo bù ú jẹ lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún mi lẹ́nu. Ìyàwó ẹ̀ ń ké, ní mo fẹ́ pa òun lọ́kọ. Mo ní kó lọ bu iyọ̀ wá.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ọmọ mi sunkún, ní kí n wá bá òun gbé. Kí n fi ilé tí èmi àti ọkọ mi jọ po sìmẹ́ǹtì ẹ̀ sílẹ̀? Láéláé.

Àbámẹ́ta, 15
Ó dúró níwájú páànù, irin lọ́wọ́. Ó ní tí mo bá fọwọ́ kàn án, òun á fọ́ mi lórí. Mo ní, "Ọkọ mi, o ò tíì tó bẹ́ẹ̀." Mo na òòlù, orí ẹ̀ ni mo fojú sùn. Ó yẹ̀. Òòlù ba òpó. Mo gbọ́ kàù! — apá mi ni. Kò fọwọ́ kàn mí o. Ó sọ irin nù, ó gbé mi dìde, ó ń pè mí ní ìyá. Báyẹn làwọn ará ilé ṣe bá wa.

Ajé, 17
Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ eléyìí. Dókítà ní àìtó fítámì D yẹn ti jẹ eegun mi pẹ̀lú, ìdí tó fi yá kán nìyẹn. Ọlọ́pàá dúró ti bẹ́ẹ̀dì mi, Ọkọ Kékeré lẹ́yìn ẹ̀. "Ìyá, ta ló ṣẹ́ yín lápá?" Ọmọ mi ń wò mí.

Mo ní òun ni.

Wọ́n ti mú un lọ. Ọmọ mi ní wọ́n ń tú páànù báyìí. Olóríburúkú ọmọ tí mo pọ̀n. Kí ló dé tí kò jiyàn?