Bí Ìyá Àgbà Ṣe Ti Alàgbà Méjì Mọ́lé

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni? Ọkọ rẹ ń kọ́, iṣẹ́ ń kọ́? Mo gbà pé àlàáfíà ni ẹ wà, orí tó sìn yín dé ìlú ńlá kò ní sùn lọ níbẹ̀. Àwa náà wà, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà bí mo bá fẹ́ dìde. Màmá rẹ kí ọ púpọ̀, ó ní kí lẹ́tà yìí má gùn jù, ṣùgbọ́n èmi ni mo mú bírò dání.

Kí n tó lọ jìnnà, mo fẹ́ fi ẹjọ́ obìnrin tó ń gbé inú fóònù rẹ sùn ọ́. Láàárọ̀ tí ìyá mi papòdà, ìgbà mẹ́fà ni mo pè ọ́, òun ló ń gbé e. Mo ní kó sọ fún ọ pé ìyá àgbà rẹ ti lọ, kò tilẹ̀ ní Ọlọ́run á tù wá nínú, ó kàn ń sọ pé o ò sí nítòsí. Mo ní mo mọ̀ pé o ò sí nítòsí, ìdí tí mo fi ń pè ọ́ nìyẹn. Bá mi bá a wí, ṣùgbọ́n má lé e lọ, ohùn rẹ̀ dára.

Ìsìnkú lọ dáadáa. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni ìyá mi, a kò lè ní ikú fi tipá mú un. Ayàwòrán gbé fóònù ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ní o wà nínú rẹ̀, ò ń wò wá. Ó fẹ́ gbé ọ sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, mo ní rárá o, ọmọ-ọmọ olóògbé kì í jókòó sẹ́yìn, mo gbé ọ sáàárín èmi àti màmá rẹ. Nígbà tí a dé ibojì tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo ṣí agboòrùn bò ọ́ kí o má baà tutù. Èmi tutù dé egungun. Ayàwòrán wá ń sọ pé dúdú agboòrùn nìkan lo rí títí wọ́n fi bo ilẹ̀. Má bínú. Ó ṣáà dára pé òtútù kò mú ọ.

Lọ́jọ́ kẹta mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti gba ìwé ẹ̀rí ikú. Nínú fọ́ọ̀mù wọn, wọ́n béèrè àdírẹ́sì olóògbé lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo kọ ọ̀run. Akọ̀wé ní àdírẹ́sì tó ṣeé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ni. Mo ní ojoojúmọ́ ayé ìyá mi ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n dá padà. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tó ṣe láyé, àyè ibẹ̀ kò ju ìbú ìka méjì lọ. Mo kọ aránṣọ. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé ìyẹn kò tó rárá, ni mo fi ń kọ ìyókù sí ọ.

O mọ̀ pé Ìyá Abẹ́rẹ́ ni àdúgbò ń pè é. Nígbà tí bàbá mi kú, ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀ sí i lọ́rùn, èmi tí mo jẹ́ àbíkẹ́yìn kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìró rẹ̀ la fi ń sùn, òun náà la fi ń jí. Lọ́jọ́ Sátidé á gbá ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Àìkú á ti jókòó kí agogo tó dún. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tó fi ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo mọ̀ tó pa á jẹ, ọjọ́ tí iná jó ilé aládùúgbò wa tí òun ń pọnmi pa á. Ó ní Ọlọ́run ń rí òun láti ibẹ̀.

Èyí tí o ò mọ̀ ni ti ọdún tí atẹ́gùn ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọmọ ọdún méjì ni ọ́. Alàgbà méjì la ní, ọ̀gá ilé-ìwé àti káfíńtà. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí a lọ kọ́ òmíràn sórí òkè, káfíńtà ní kí a tún èyí tó wà nílẹ̀ kàn. Àríyànjiyàn di ìjà, ìjà di odì. Odidi ọdún kan, ọ̀kan á jókòó lápá ọ̀tún, ìkejì lápá òsì, òjò á máa rọ̀ lé àwa tí a wà láàárín. Pásítọ̀ wàásù títí ó sú u.

Ni ìyá mi bá ránṣẹ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé kó wá kí òun bá a wọn ẹ̀wù alàgbà tuntun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìkejì ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe fojú kan ara wọn, wọ́n fẹ́ yí padà, ó ní ẹ̀yìn kọ́ ni wọ́n máa kọ sí àgbà. Ó gbé ẹ̀wù tí kò tíì rán tán wọ̀ wọ́n, ó fi abẹ́rẹ́ há a káàkiri débi pé ẹni tó bá yára gbápá ni abẹ́rẹ́ á gún. Ó ní òun fẹ́ mú òwú wá. Ó jáde, ó ti ìlẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sáyà, ó gbé àpótí síta, ó jókòó.

Wọ́n pariwo. Ọ̀gá ilé-ìwé ní òun á fi ẹjọ́ sùn, ìyá mi ní kó sùn ún, òun gan-an ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gbọ́. Ó ní òun kò ní ṣílẹ̀kùn àfi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbàdúrà fún ọmọ ìkejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ojú tì wá. Ó ní Bíbélì tó ń tutù lọ́wọ́ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ kó tì wá lójú.

Ó pẹ́ díẹ̀. A wá gbọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, pé àbíkẹ́yìn káfíńtà ń kọ́. Káfíńtà ní ọmọ náà ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsibítù, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àwọn gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá kò gbọ́ nǹkan kan o. Ilé-ìwé rẹ̀ ni ọmọ náà ń lọ, ó ti rò pé odì ni bàbá rẹ̀ fi mú un jókòó sílé. N kò gbọ́ àdúrà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹkún àgbàlagbà ni mo gbọ́. Ìyá mi dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó ń yọ abẹ́rẹ́ lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ọsibítù. Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà mọ́. Kí oṣù tó parí, káfíńtà wà lórí òrùlé, ọ̀gá ilé-ìwé ń na ìṣó sí i láti ìsàlẹ̀. Níbo ni mo fẹ́ kọ ìyẹn sí nínú ìbú ìka méjì?

Màmá rẹ ní ò ń sunkún pé o ò wá, torí dókítà ní kí o má fi oyún inú rẹ rìnrìn àjò. Gbọ́ mi. Lọ́jọ́rú tó kẹ́yìn, ìyá mi ní kí a wọ òun láṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní òní kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Ó ní ṣé Ọlọ́run ti kó jáde níbẹ̀ ni? Mo gbé e dé àyè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wa fún Olúwa. Ọ̀dọ̀ ẹni tó jìnnà jù ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó ní àdúrà tiwọn ló máa rìn jù kó tó dé. Mo rò pé ìwọ ló máa kọ́kọ́ pè. Ó ní Olúwa, ẹni tó wà nínú ọmọ-ọmọ mi, tí kò tíì délé ayé, òun ló ṣì jìnnà sí wa jù, mú un dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó pè ọ́. Ó pe gbogbo yín tán pátá. Nígbà tó máa kan èmi tí mo jókòó tì í, oorun ti gbé e lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tó kú. Kò dùn mí pé kò dárúkọ mi. Ọwọ́ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá ṣeé ṣe, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra gíláàsì ojú. Ti ìyá mi ni mo wọ̀ kọ lẹ́tà yìí, ó ń sọ ohun gbogbo di ńlá, àní ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an hàn sí mi nínú Bíbélì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n ní owó lè gba inú afẹ́fẹ́ wọ fóònù. Mo bẹ̀ ọ́, kó o fún awakọ̀ tó ń bọ̀ níhìn-ín, afẹ́fẹ́ wa pọ̀ lákòókò yìí.

Olúwa á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, wàá rí ọmọ tó máa di ọwọ́ rẹ mú.

Èmi ni bàbá rẹ.