Àwọn Òdòdó Iwájú Ilé Àlàájì Jìbírílù Adéògún

Ọdún 1926 ni a bí Àlàájì Jìbírílù Adéògún ní Ṣakí. Bàbá wọn, Mùstàfá, jẹ́ àgbẹ̀ tí iṣu kì í tán lábà rẹ̀. Ìyá wọn, Rùkáyátù, ń rẹ aṣọ láró. Wọ́n ka Kùránì nílé kéú, wọ́n sì lọ sí ilé-ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi, níbi tí wọ́n ti pàdé Adéòkè, ọmọ onígbàgbọ́, tí wọ́n fẹ́ ní 1954. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní Ìbàdàn ló gbé wọn dé Chicago ní 1971. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn fúnra wọn ló ń wakọ̀ gbé ìyàwó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì máa ka Kùránì nínú mọ́tò títí ìsìn á fi parí.

Ní 1980, ìdílé náà kó kúrò ní àdúgbò Uptown ní Chicago lọ sí ilé tiwọn ní Auburn Gresham, àdúgbò mìíràn níbẹ̀. Kí òtútù tó dé, Àlàájì ra túlíìpù, òdòdó tí ìdí rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà, tó máa ń sùn sínú ilẹ̀ di ìgbà ìrúwé. Ọmọ oníṣu kò mọ̀ ju ebè lọ. Wọ́n kọ ebè síwájú ilé, wọ́n gbin túlíìpù sí i, ọ̀kẹ́rẹ́ àdúgbò sì hú u jẹ tán. Àlàájì rẹ́rìn-ín: "Àlejò ni wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ni ilẹ̀." Lọ́dún kejì wọ́n gbìn ín jìn sínú ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì yọ, ó pupa bí iná.

Oṣù Okúdù 1985 ni ìgbéyàwó Adérónkẹ́, àkọ́bí wọn. Nígbà tó kù díẹ̀, òdòdó túlíìpù ti rọ, ewé rẹ̀ ń pọ́n.

"Bàbá Rónkẹ́, ṣé pàǹtí yìí làwọn àna wa máa bá níwájú ilé? Ẹ jẹ́ kí n fà á tu."

"Má fọwọ́ kàn án o, Adéòkè. Ewé yẹn ló ń bọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Bó o bá fà á tu, kò ní í tanná lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ṣé àwọn àna máa dúró dè é ni?"

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo àlàfo tó wà láàárín àwọn ewé náà. Wọ́n rántí bí bàbá wọn ṣe ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín ebè, tí ìtàkùn rẹ̀ á bo ilẹ̀. Wọ́n ra pẹtúníà, òdòdó tí kì í ju ọdún kan lọ, wọ́n sì fi ìka wa ihò rẹ̀ láàárín àwọn ewé náà, kí ọkọ́ má baà ṣá túlíìpù nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ibẹ̀ ni àwọn àna ti ya fọ́tò. Nígbà ìrúwé ọdún tó tẹ̀ lé e, túlíìpù tún yọ. Ìyá Rónkẹ́ kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́, àgbẹ̀."

Lọ́dún 1988 yìí, orí ibùsùn ni Àlàájì ti ń wo túlíìpù wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n ti ní ká ra pẹtúníà, ṣùgbọ́n ogúnjọ́ oṣù Èbìbí ni ọlọ́jọ́ dé, kí wọ́n tó gbìn ín.

Wọ́n fi Adéòkè aya wọn sílẹ̀, àti Adérónkẹ́, Àmínù àti Kàfáyàtù, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ tó ń pe túlíìpù ní "iṣu Grandpa".

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ewé tó ń pọ́n tí ẹ rí lójú ọ̀nà yẹn, kì í ṣe pé a gbàgbé láti túnlé ṣe. Ó ń jẹun lọ́wọ́ ni. Ìyá Rónkẹ́ ti kó pẹtúníà sẹ́nu àtẹ̀gùn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, kó fi ìka wa ihò rẹ̀ láàárín àwọn ewé náà.

Ẹ sùn re o, ọmọ oníṣu Ṣakí. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn. A kò ní í fa ewé yín tu.