Àwọn Igi Ọsàn Tí Mo Bẹ́ Ní Àkùrọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Rẹ̀mí. Ẹ kú àmójútó gbogbo wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Houston níbí, bí orúnkún mi kò tilẹ̀ gbà mí láyè mọ́ láti ṣe é dáadáa. Mo kí Rẹ̀mí àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo kí olórí ẹbí wa àti gbogbo àgbà ilé.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí n má baà fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọdún tí a sin Bàbá, mo dìde láàárín àgbàlá níwájú àwọn àgbà, mo ní Bàbá sọ fún mi lórí ibùsùn àìsàn pé èmi ni kí n jogún àkùrọ̀ etí odò. Irọ́ ni. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí n tó padà sí Amẹ́ríkà, mo mú àdá, mo lọ bẹ́ àwọn igi ọsàn tí ẹ gbìn sí ìpẹ̀kun àkùrọ̀ náà. Mo ní ẹ lè máa gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ gbin igi.

Gbogbo wa la mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ nílẹ̀ wa. Ẹni tó tọrọ ilẹ̀ dá oko ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, nítorí ẹni tó bá ti gbin igi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo sọ yín di àlejò lórí ilẹ̀ bàbá yín. Ẹ kó ẹ̀ka igi náà jọ, ẹ fi òṣùká gbé e, ẹ lọ fi dáná oúnjẹ tí èmi náà jẹ nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbangba ni mo ti parọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba.

Ẹ óò máa rò ó pé kí ló wá jí mi lójú oorun lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ẹ̀fọ́ ni.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ilé mi ní Mission Bend yìí ti tóbi jù fún mi. Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, kò sí ìwé ẹnikẹ́ni tí mo fẹ́ máàkì mọ́. Fọlákẹ́ ọmọ mi ń gbé ní Cypress, ọjọ́ Sunday ló máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ náà á kúnlẹ̀, wọ́n á ní ẹ káàárọ̀ sà, bó ti wù kí ilẹ̀ ti ṣú tó. Lọ́jọ́ kan Fọlákẹ́ ní mo ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí wọ́n gbà láti ṣọ́ ọ kí wọ́n má jí i gbé. Òun ló mú mi lọ síbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti pín ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn sí ebè ebè, tí wọ́n ń yá àwọn ará àdúgbò kí wọ́n máa gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀.

Ẹni tó ń darí ọgbà náà ni Lásún, ará Abẹ́òkúta, tí a jọ wá kàwé níbí nígbà tí irun wa ṣì dúdú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Stafford báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá a tajà níbẹ̀. Nígbà tó rí mi pẹ̀lú ọkọ́, ó ní Prọ́ọ̀f, ẹ rọra o, ọkọ́ kì í ṣe pẹ́ńsù.

Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń pe àsìkò tí a wà yìí. Òtútù ibí kì í pẹ́ bíi ti ìhà àríwá Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n alárékérekè ni. Á ṣe bí ẹni tó ti lọ, á tún yọ́ padà wá pa ọ̀gbìn ẹni. Ilẹ̀ ibí dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí iyán. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró sórí rẹ̀ títí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ọkọ́ ṣí i, òórùn kan jáde láti inú rẹ̀, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Òórùn àkùrọ̀ wa ni, ẹ̀gbọ́n mi, ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí gbogbo oko yòókù ti gbẹ, tí tiwa nìkan ṣoṣo tutù yọ̀yọ̀.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń jí mi, tí ẹ ó fi etí aṣọ yín nu ìpin ojú mi. Ẹ̀yin á ru garawa, ẹ ó fún mi ní agbè kékeré, ẹ ó sì máa yìn mí lójú ọ̀nà bí ẹni pé èmi ni mo ru garawa. Owó ẹ̀fọ́ yẹn ló ra bàtà tí mo wọ̀ lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Nígbà náà, ẹ̀yin ti fi ilé ìwé sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀wé jù mí lọ. Bàbá ló ní kí ọ̀kan nínú wa dúró. Ẹ dúró.

Tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn hù dáadáa, ata náà fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ewédú kọ̀, kò hù. Lásún bẹ ebè náà wò, ó bi mí bóyá mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé ni mo rántí pé ẹ máa ń di irúgbìn ewédú sínú àkísà, ẹ ó rì í bọ omi gbígbóná, tí èmi á máa sunkún pé ẹ ti ń se é jẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi yọrí.

Ìgbà náà ni inú mi dùn kọjá ààlà. Mo lọ ra igi ọsàn kékeré kan, mo gbìn ín sí igun ebè mi. Nígbà tí Lásún rí i, kò ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dúró, ó wò ó. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ṣọ́ọ̀ṣì ló yá wa nílẹ̀ yìí, wọn ò gba igi. Ó wá fi ẹ̀rín bò ó, ó ní àbí Amẹ́ríkà ti jẹ́ kí ẹ gbàgbé ni, pé ẹni tó tọrọ ilẹ̀ kì í gbin igi.

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá. Ó di igi náà mú kó má ṣẹ́, èmi ń gbẹ́ ìdí rẹ̀ yíká. Ó ní ká jẹ́ kí erùpẹ̀ pọ̀ ní gbòǹgbò rẹ̀. Ó ní kí n gbìn ín sẹ́yìn ilé mi, pé níbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa bi mí. Mo kọjú sí ọ̀nà mọ́tò mi. Ó rò pé mo ń bínú, ó sì ń bẹ̀ mí títí mo fi wọ mọ́tò. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti fà á tu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Èmi, lórí ilẹ̀ bàbá yín, àdá ni mo lò.

Ó kù díẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà, Sùnmọ́nù, ọmọ àbúrò Bàbá, ti pè mí pé ẹnì kan fẹ́ ra àkùrọ̀ náà láti máa mọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ó ní ẹ ti dàgbà, kí lẹ fẹ́ fi àkùrọ̀ ṣe. Mo ní kó máa bá ẹni náà sọ̀rọ̀ lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, mo sì lọ bomi rin ẹ̀fọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo gbé igi náà délé ni mo pè é padà pé n kò tà mọ́. Ó bínú, ó ní ogbó ti ń ṣe mí. Mo ní ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi. Ó ní láti ìgbà wo.

Kí olórí ẹbí jọ̀wọ́ ka èyí sókè nígbà tí ilé bá pé, kí Sùnmọ́nù náà sì wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún Fọlákẹ́, ó gbà pé ẹ̀tọ́ ni. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé, lọ́mọdé lágbà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ẹsẹ̀ yín kò ní rọ, ojú yín á máa ríran débi tí ẹ bá ń lọ. Bí ẹ kò bá lè dárí jì mí, n kò ní bi yín.

Iṣẹ́ tí Bàbá rán mi nìyí. Ẹ ti lọ wẹ̀ nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọsibítù. Ó ní kí n sọ fún Àdùnní òun, ẹ̀yin náà nìyẹn, pé Àdùnní ló ni àkùrọ̀, nítorí Àdùnní ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Kó gbin ohunkóhun tó bá wù ú síbẹ̀. Ó ní kí n sì sọ fún un pé ilá àkọ́so ń wu òun jẹ, kó bá òun gbé díẹ̀ wá. N kò mọ bí mo ṣe lè jẹ́ iṣẹ́ ilá kí n má jẹ́ ti ilẹ̀, ni mo bá fi méjèèjì pamọ́. Nígbà tó tún bèèrè ilá lọ́jọ́ kejì, mo ní kò tíì so. Ó ní kò burú, pé Àdùnní á gbé e wá tó bá so.

Èmi ni, àbúrò tí ẹ tọ́ bí ọmọ yín,
Adéwálé.