Ilà Ojú Olóríkunkun

Ìyá mi,

Ara wa le ní Ìdímù, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Fàthíà àbúrò mi ni kó ka lẹ́tà yìí fún yín.

Ẹ bi mí bí Olóríkunkun, olè inú ìwé àwòrán mi, ṣe di ààyò àwọn èèyàn. Ẹ̀rín á pa yín! Ní 2004 tí mo bẹ̀rẹ̀, èébú ni gbogbo wọn ń bù ú. Mi ò mọ irú ojú tí ǹ bá yà fún un, ni mo bá ya ojú ẹ̀gbọ́n mi Yahya, tòun tilà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Akówonjo rí ilà yẹn, wọ́n ní, "Ọmọ wa mà lèyí!" Bí wọ́n ṣe ń gbèjà rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo fẹ́ kí ọlọ́pàá mú un, wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù: "Jẹ́ kó délé jàre, ìyá ẹ̀ ń retí ẹ̀." Láti ìgbà náà, ilé ló máa ń padà sí.

Fàthíà, má ka ibí yìí sókè. Yahya jáde lọ́jọ́ kejì Iléyá, kò tíì wọlé. Mo ń gbé fọ́tò rẹ̀ kiri títí dé Ìkòtún. Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló ń rẹ́rìn-ín: "Olóríkunkun mà nìyí!"

Máa kà á sókè padà: Ìyá mi, Yahya ń kí yín. Ó ní kẹ́ ẹ má ronú rárá.

Èmi ni,
Jàfárù