Ilé Ọkọ Lẹ Pẹ́ Dé, Ẹ Ò Pẹ́ Dé Ayé

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi àgbà, ẹ kú ojú lọ́nà. Láti Jọ́ọ̀sì níbí ni mo ti kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí Ìyá Ńlá, ìyálé yín. Kàmọ́rù, ìwọ tí ò ń ka lẹ́tà yìí sétí wọn, má fo ọ̀rọ̀ kankan o, mo mọ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ aránṣọ ń lọ. Òtútù ibí pọ̀ débi pé iná pàápàá ń wá aṣọ bora. Tí àárò yín bá sọ mí, màá ki imú bọ inú àpò gàrí yín, màá wá sín kí wọ́n gbọ́ ọ ní Lálùpọn.

Ọ̀rọ̀ ojú yín ló gbé mi dìde. Kàmọ́rù ní ẹ bu iyọ̀ sí tíì Bàbá, ẹ ní ṣúgà ni, Bàbá sì mu ún tán nítorí ẹ̀rù yín. Mo bá pe nọ́ọ̀sì Lálùpọn. Wọ́n ní ètò ìlera ìjọba máa ń san owó iṣẹ́ abẹ ojú fún àgbà tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún, àmọ́ méjìdínlọ́gọ́ta ló wà nínú ìwé yín. Wọ́n ní Ìyá Ńlá ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, wọ́n pe ọjọ́ orí wọn ní ọgọ́ta. Nígbà tó kàn yín, ẹ ní ẹ ò lè ju ìyálé yín lọ, kí wọ́n bá yín yọ méjì.

Yéè! Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún mi nídìí ẹ̀gẹ́ pé ẹ jẹ àkàrà ọjọ́ tí wọ́n sọ Ìyá Ńlá lórúkọ, pé ẹ tún sáré padà lọ gba ẹlẹ́ẹ̀kejì! Ipò ìyálé, kò sẹ́ni tó ń dù ú. Ṣùgbọ́n ọsibítù ò bi yín léèrè ẹni tó kọ́kọ́ dáná fún Bàbá.

Ọkùnrin ọlọ́kadà tó ń ta káàdì ìlera àfikún ti ilé iṣẹ́ aládàáni kiri, ẹ má tíì tẹ̀ka fún un. Ìró ni káàdì ìjọba, gèlè ni àfikún. Ta ló ń wé gèlè jáde láìró ìró? Ẹ parí ti ìjọba ná, kí ẹ tó wá àfikún fún awò ojú tí kò sí nínú rẹ̀. Kí ẹ sì bi í: ṣé ó kan àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀? Oṣù mélòó lèèyàn ó dúró kó tó ṣiṣẹ́? Tó bá ń làágùn, ẹ fún un lómi, kó máa lọ.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ ó lọ búra ọjọ́ orí yín ní kóòtù, kí ará ilé kan bá yín jẹ́rìí. Ìyá Ńlá, ẹ̀yin ni mo bẹ̀. Ẹ bá ìyàwó yín lọ, kí ẹ fẹnu ara yín sọ pé wọ́n jù yín lọ. Tí ẹ bá padà délé, wọ́n á ṣì máa kúnlẹ̀ kí yín. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n á rí ojú ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún.

Kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí yín, kó má fi wá sun ẹkún ara wa. Mo kí gbogbo agboolé, títí kan ewúrẹ́ tó jẹ bàtà mi.

Ọmọ yín,
Mùlíkátù, télọ̀ ọ̀la