Bí Mo Ṣe Pín Dókítà sí Ọ̀nà Mẹ́wàá

Bẹ́ẹ̀ ni, Casilda ọmọ mi, èmi náà ni. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí o gbọ́ ní Madrid níbẹ̀, pé ọkùnrin kan láti Valdecuervo dìde níwájú kọmíṣọ́nnà ìlera, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, títí kan obìnrin náà fúnra rẹ̀. Èmi Eutiquio bàbá rẹ ni, kì í ṣe ẹlòmíì. Tí wọ́n bá bi ẹ́ níbi iṣẹ́, má tijú, sọ fún wọn pé bàbá mi ni, kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ torí àgùntàn, ṣùgbọ́n irú ẹnu tí Ọlọ́run fún un, kò sí yunifásítì tó ń tà á.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ ń wọ̀ bí èkúté yẹn. Màríà Wúńdíá ò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fi ojú burúkú wò ẹ́. Níbi tí àwọn ẹlòmíì bá ti ń dúró, ìwọ á rí àga jókòó sí. Wàá ṣe àmín ìyẹn dáadáa, torí ọ̀rọ̀ àga ṣì ń bọ̀ nínú lẹ́tà yìí.

Nílé, a dúpẹ́. A ti pa ẹlẹ́dẹ̀, sọ́séèjì ti wà lórí igi ní àjà, mo so òwú pupa mọ́ tìrẹ kí ọwọ́ àbúrò ìyá rẹ má baà ṣèèṣì débẹ̀. Ìyá rẹ ń kí ẹ. Èémí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá ń lọ pàdé mọ́tò búrẹ́dì, kò lè rìn ín débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ́, orí òkúta ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń jókòó sí, tí mo bá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, á ní ẹyẹ àkọ̀ lòun ń wò nínú ìtẹ́ wọn lórí ilé agogo. Àkọ̀ wo? Àwọn ẹyẹ yẹn ti fò lọ sí Áfíríkà látìgbà tí a ti kórè àlìkámà tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń wú, bàtà mi ló ń wọ̀ báyìí. Torí náà, ohunkóhun tí o bá kà nísàlẹ̀ yìí, rántí pé torí kí dókítà lè gbọ́ àyà ìyá rẹ ni mo ṣe ṣe gbogbo rẹ̀.

O ní kí n pe nọ́ńbà tí wọ́n fi ń bèèrè dókítà. Mo pè é. Obìnrin kan ló gbé e, ó sì ní sùúrù bí ẹní gbé omi lórí. Mo kí i, mo bèèrè ọkọ, mo bèèrè ọmọ, ó kàn ní kí n sọ ìdí tí mo fi pè ní ṣókí. Mo wá sọ ọ́ ní ṣókí, láti ọdún tí ìbaaka ta ìyá rẹ nípàá nígbà tó wà lọ́mọge. Ó ní ohun tí mo sọ ò yé òun, ẹ jọ̀wọ́. Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè díẹ̀. Ó ní kò yé òun, ẹ jọ̀wọ́. Ìyá rẹ ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ wo ló ń sọ pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ wa ti lo ogún ọdún lọ́wọ́ mi, kò bẹ̀ mí rí. Mo ti fi sọ́séèjì kan ránṣẹ́ sí obìnrin náà ní ọ́fíìsì wọn. Kò tíì dúpẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún pè é, mo gbọ́ ọ pé ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé látìgbà tí Dókítà Telmo ti fẹ̀yìn tì, wọn ò rán ẹnì kankan wá mọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé dókítà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń ṣí i kí afẹ́fẹ́ wọlé, màá nu àga, màá tún tì í. Ìgbà tí ìbò wá sún mọ́lé, kọmíṣọ́nnà ìlera, Ìyáàfin Olmedo, wá láti olú-ìlú ẹkùn wa pẹ̀lú ọmọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, tí ṣòkòtò rẹ̀ fún pinpin bí awọ sọ́séèjì, wọ́n ní àwọn fẹ́ jiyàn níwájú wa ní gbọ̀ngàn ijó. Ọmọkùnrin yẹn ní ìtìjú ni, pé ní orílẹ̀-èdè yìí ìwòsàn ti di lọ́tìrì, ẹni tó bá ń gbé nítòsí ọsibítù ti jẹ, ẹni tó bá ń gbé ní Valdecuervo ti pàdánù. Ìyáàfin ní irọ́ ni, ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn dọ́gba, ó wà nínú òfin. Ọmọkùnrin ní ẹgbẹ́ yín ló ti ilé dókítà pa. Ìyáàfin náà ní ẹgbẹ́ yín ló gbé owó rẹ̀ lọ. Wọ́n ń ṣe bí ìyàwó àti ìyá ọkọ tí ìkòkò ọbẹ̀ jóná mọ́ wọn lọ́wọ́. Abundio tó ni ilé ọtí ti sùn lọ, ó ń hanrun.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo ní, Ìyáàfin, ìwọ náà ọmọ mi, ẹ má bínú, ẹ má ba orúkọ lọ́tìrì jẹ́ fún wa. Èmi ni mo ń ta ti Kérésì lábúlé yìí. Lọ́tìrì, èèyàn á ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á da bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n onírin lójú gbogbo ayé, àwọn ọmọdé á kọ nọ́ńbà lórin, bọ́ọ̀lù ọlọ́lá ò sì tóbi ju ti agbẹ́sàréè lọ. Tiyín yìí, ta ló rí agbọ̀n? Ta ló rí bọ́ọ̀lù? A kàn jí lọ́jọ́ kan ni, ẹ ní a ti pàdánù. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà fi fìlà bo ẹnu. Abundio ta jí, ó ń pàtẹ́wọ́, kò mọ ohun tó ń pàtẹ́wọ́ sí. Ìyáàfin Olmedo náà rẹ́rìn-ín, ó yí sí akọ̀wé tó ń tẹ̀ lé e, ó ní kó kọ ìyẹn sílẹ̀.

Kò pẹ́ kò jìnnà, àbá mi di òfin. Wọ́n ní ìjọba ti gbọ́ ohùn aráàlú. Abúlé mẹ́rin, dókítà kan: àwa, Hontanilla, Matarrala àti Las Eras. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan nínú agbọ̀n. Èyí tó bá jẹ, dókítà á máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún odindi ọdún, kó má sẹ́ni tó lè ní wọ́n ṣe ojúsàájú. Ọmọkùnrin ẹgbẹ́ kejì ní ìwà àbùkù gbáà ni, nígbà tó sì rí i pé inú àwọn èèyàn dùn sí i, ó tẹ pósítà pé òun lòun kọ́kọ́ dá a lábàá. Mo bèèrè lọ́wọ́ Ìyáàfin pé kí ló dé tí bọ́ọ̀lù ìlú tiwọn ò sí nínú agbọ̀n. Ó ní àwọn ti ní ọsibítù ńlá, àwọn ò nílò rẹ̀. Ó yé mi. Ẹni tó ti jẹ lọ́tìrì kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́.

Gbọ́ ọgbọ́n bàbá rẹ báyìí. O rántí bí a ṣe ń ṣe lọ́tìrì Kérésì, tíkẹ́ẹ̀tì kan á di ìpín mẹ́wàá, àwa á fi ìpín tiwa pààrọ̀ ti àwọn ará abúlé kejì, kó má baà di pé àwọn jẹ, àwa sì dúró lójú fèrèsé tí à ń wò wọ́n. Baálẹ̀ tiwa ń gbé nílùú ńlá, ọjọ́ àjọ̀dún nìkan là ń rí i, torí náà èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi ni mo ṣe ohun tó yẹ. Mo gé páálí, mo fi òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ àjọ̀dún lù ú, mo pín dókítà wa sí ìpín mẹ́wàá. Mo fún Saturio, baálẹ̀ Hontanilla, ní mẹ́ta, ó fún mi ní mẹ́ta tiwọn, a mu wáìnì lé e. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Matarrala. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Las Eras. Ìgbà tí mo máa fi wọlé, ìpín mẹ́sàn-án tí mo gbà lọ́wọ́ wọn ló wà lápò mi. Mo ní kò sí ẹni tó ní dókítà tó mi ní gbogbo agbègbè yìí. Ìyá rẹ bi mí pé ṣé dókítà ọ̀hún ti dé ni. Mo ní kó jókòó, mo ní kò mọ ìṣirò ni.

Ọjọ́ náà pé. Agbọ̀n tí Abundio fi ń ta tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún la lò. Àwọn oníkámẹ́rà wá. Èmi ni mo yí agbọ̀n, Ìyáàfin Olmedo fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ bọ́ọ̀lù, ó kà á: Valdecuervo. Ọmọ, ilé fẹ́ẹ̀ wó. Wọ́n ń da wáìnì síra wọn lórí bí ti inú tẹlifíṣọ̀n. Mo bá kọmíṣọ́nnà jó, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ní kò sí wàhálà. Ìyá rẹ jókòó, omi bọ́ lójú rẹ̀ díẹ̀, ó ní òun á sọ ti àtẹ̀gùn fún dókítà, pé òun ò lè gùn ún tán mọ́. Àṣé ó ti ń jókòó láàárín àtẹ̀gùn ilé tiwa náà, mi ò mọ̀.

Ìgbà tí Saturio wá dì mọ́ mi ni mo rí i pé ẹ̀rín ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹni tó pàdánù. Mo bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Hontanilla mú mẹ́ta nínú dókítà wa. Matarrala, mẹ́ta. Las Eras, mẹ́ta. Èyí tó wà lápò mi ńkọ́? Ìpín nínú dókítà abúlé tí ò jẹ. Casilda, nínú abúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ jẹ, àwa gan-an la jẹ. Má rẹ́rìn-ín. Ó lè ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, dókítà dé, ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé àpò tó jù ú lọ. Ó ní èèyàn mẹ́wàá lòun lè rí kóun tó padà. Mo to àga mẹ́wàá, ìpín kan, àga kan. Àwọn àlejò ti dé láàárọ̀, wọ́n mú páálí dání, wọ́n mú wàràkàṣì wá fún wa, wọ́n ń kí wa ẹ kú oríire. Kí ni mo fẹ́ sọ? O mọ̀ pé níbi wa yìí, ẹni tó bá sẹ́ ìpín lọ́tìrì, òkú inú ibojì gan-an ò ní dá a lóhùn mọ́. Saturio ní, Eutiquio, o káre láé, dókítà yín yìí dáa o, ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ìyá ìyàwó rẹ̀ tó gbé wá ló kọ́kọ́ wọlé, torí ẹran líle kan lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Àwa onílé dúró lójú fèrèsé, à ń wò wọ́n.

Saturio ò burú náà. Ó rí ìyá rẹ lórí òkúta, ó jáde lọ bá a, ó ní, Visi, wá gba àga mi, ikọ́ lásán ló ń ṣe mí. Ìyá rẹ ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kóun gba ipò ẹni tó rìn nínú yìnyín wá, pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun, àwọn àkọ̀ lòun ń wò. Saturio gbójú sókè wo ìtẹ́ òfìfo yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni, Visi, wọ́n rẹwà lọ́dún yìí.

Torí náà, ọmọ mi, fi owó takisí ránṣẹ́ ká lè gbé e lọ sí ọsibítù olú-ìlú, tàbí kí o gbé mọ́tò rẹ wá fúnra rẹ, ìyẹn ló yá jù. Fi owó bátìrì rédíò kún un. Tí nǹkan bá tún kù, fi ti páálí tó nípọn díẹ̀ kún un, torí mo ti ní ọgbọ́n tuntun fún tọdún tó ń bọ̀. Ọlọ́run á bù sí àpò tí o bá ti mú un. Òkè tí o bá ń gùn, èémí rẹ ò ní gé lórí rẹ̀. Wàá sin wá, o ò ní sin ọmọ rẹ.

Ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí, ó ní kí n kọ èyí tó kù. Mo mọ̀ pé ìwọ náà ti ń ṣírò ó: mẹ́sàn-án lọ, ẹyọ kan kù, àga kan yẹn, ṣé kò tó fún màmá mi? Ó tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ lọ́tìrì gbọ́dọ̀ fún ọwọ́ tó mú oríire wá ní nǹkan, àṣà wa ni, ọwọ́ mi sì wà lápò, kámẹ́rà sì dojú kọ mí. Mo ti fún Ìyáàfin Olmedo ní ẹyọ kan yẹn kí Saturio tó dì mọ́ mi. Ó ní òun máa gbé e kọ́ sínú férémù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni mẹ́sàn-án wọlé, ẹni mẹ́sàn-án jáde, àga kẹwàá ṣófo, èmi ni mo dúró tì í tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀, ó lólóhun. Dókítà yọjú, ó bi mí pé, bàbá, ta ló kàn. Láti ẹnu ọ̀nà yẹn, mò ń rí ìyá rẹ lórí òkúta. Mo ní kọmíṣọ́nnà ló kàn.