Aṣọ Ìgbéyàwó Tí Mo Rán fún Olóògbé

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Aránṣọ ni mí. Ọdún mẹ́fà lèmi àti ọkùnrin tó di olóògbé yìí fi jọ gbé bíi tọkọtaya. Nígbàkígbà tílé-ẹjọ́ bá fẹ́ tú ìgbéyàwó rẹ̀ àtijọ́ ká, ara ìyàwó rẹ̀ kì í yá, bẹ́ẹ̀ mo ti rán aṣọ tí ọkùnrin náà máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Lọ́jọ́ tó kú, ara obìnrin náà yá: òun ló fọwọ́ síwèé gba òkú.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Àǹtí aránṣọ, ẹ mú aṣọ ìgbéyàwó tẹ́ ẹ rán fún un wá. Òun la máa fi sin ín. Ẹ má wá síbẹ̀ o."

Kí n tó gbé aṣọ ọkọ mi fún un, mo tún bọ́tìnì ọrùn rẹ̀ rán kó má baà já.

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó ń gbọ́ wa, ṣé òfin gbà mí láyè níbi sàréè rẹ̀, àbí aránṣọ lásán ni mo jẹ́ sí i?